Ọwọ́ Tó Pààrọ̀ Brodin

Ìwé tí wọ́n ní irọ́ wà nínú rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó nígbà tí Gunvor Sandell dé. Wọ́n ti gbá ìṣó náà mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè ṣí i wò kí ọjọ́ ìgbèjà tó pé. Ẹnì kan ti gbé òdòdó sí abẹ́ rẹ̀. Òdòdó náà ti ń rọ.

Gunvor bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé náà sí ibi tí Lovisa Kempe, olórí ẹ̀ka, ti sọ fún un lórí fóònù. Ó ka gbólóhùn náà jẹ́jẹ́: "Brodin (1989) sọ fún àwọn ará etí adágún Tärnvatten pé kò sí májèlé nínú ẹja wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ." Lẹ́yìn náà ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n ń to orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n tọ́ka sí. Brodin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Yngve Brodin, àpilẹ̀kọ lórí bí yìnyín ṣe ń dì lójú adágún.

"Yìnyín," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Kí ló da yìnyín pọ̀ mọ́ ẹja?"

"Ohun tí alátakò náà béèrè gan-an nìyẹn," ni Lovisa wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ife kọfí rẹ̀ mú bí ẹni di ẹyin mú. "Preben Toft, ará Denmark. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá ko Tyra, ọmọ tó kọ ìwé yìí, lójú ní gbangba, kó dán ìwé náà wò bóyá á fọ́. Àwọn alátakò mìíràn kì í ka ẹ̀yìn ìwé. Òun kà á. Ó lọ wá àpilẹ̀kọ Yngve, ó kà á tán, kò rí ẹja kankan níbẹ̀."

"Yngve ọ̀hún ńkọ́?"

"Yàrá rẹ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ìyẹn ló burú jù. Ó di pé Tyra purọ́ mọ́ àgbà inú ilé."

"Kí ni Tyra fúnra rẹ̀ sọ?"

"Ó ní Brodin mìíràn ni òun tọ́ka sí. Maj-Britt, ìyàwó Yngve, tó kú nígbà òtútù tó kọjá. Ó ní obìnrin náà kọ ìròyìn kan fún ìjọba ìlú láyé ọjọ́un. A wá a títí. Kò sí nínú àká ìwé wa. Àwọn ọ́fíìsì ìlú ní àwọn ti kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn, àwọn kò rí i mọ́. Mo bi Yngve, ó ní òun kò mọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀."

"Ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ rẹ̀ ni." Lovisa mu kọfí díẹ̀. "Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ kò bá rí nǹkan gidi, mo máa yọ ìwé yẹn kúrò lórí ìṣó. Ọmọ yẹn kò ní rí oyè gbà mọ́, bóyá níbí, bóyá níbòmíràn."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n rí nǹkan gidi?"

"Mo fẹ́ kó parí," ni Lovisa wí.

Gunvor ti ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá kí ó tó fẹ̀yìntì, yunifásítì sì máa ń pè é bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ ni pé kò sí irọ́ tí kì í bọ́ ẹnì kan. Irọ́ yìí, ta ló ń bọ́? Kò bọ́ Tyra, ó fẹ́ pa á run ni. Ó tún ojú òdòdó náà ṣe díẹ̀, ó sì lọ wá ọmọbìnrin náà.

*

Tyra Nordvall kò sunkún. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, irun rẹ̀ kò rí òòyà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Gbogbo wọn ló ti bi mí, Mà. Ẹ̀yin náà ẹ bi mí."

"N kò fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Fi bí o ṣe ń tọ́ka sí ìwé hàn mí. Fojú afọ́jú wò mí, kí o ṣe é díẹ̀díẹ̀."

Tyra wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí ẹ̀rín. Ó ṣí ojú ìwé tó ń kọ, ó tẹ àmì tí à ń fi sí àárín àdírẹ́sì í-meèlì, ó sì tẹ lẹ́tà díẹ̀. Lẹ́sẹ̀kan náà ni àpótí kékeré kan já wálẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, orúkọ ìwé tò lé ara wọn nínú rẹ̀.

"N kì í kọ orúkọ ìwé fúnra mi," ni ó wí. "Gbogbo ìwé tí ẹgbẹ́ wa ń lò wà nínú àká kan tí a jọ ní. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìnagijẹ tirẹ̀. Mo kàn ń mú ìnagijẹ nínú àpótí yìí, màá sì bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo bá fẹ́ tẹ ìwé jáde ni ẹ̀rọ á lọ sínú àká, á wo ẹni tó ń jẹ́ ìnagijẹ yẹn, á sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fún mi àti sí ẹ̀yìn ìwé."

"Ìyẹn ni pé ìwọ ń pe orúkọ, ẹlòmíràn ló ń jẹ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Bí ẹnì kan bá wá gbé ẹlòmíràn sábẹ́ orúkọ yẹn nínú àká ńkọ́?"

Ọwọ́ Tyra dúró lórí bọ́tìnnì. "Ìwé mi á yí padà. N kò sì ní fọwọ́ kan lẹ́tà kan."

"O ò ka ìwé rẹ kí o tó gbé e kọ́ sórí ìṣó?"

"Mo kà á títí ojú mi fi ń ṣú. Brodin 1989 ni mo kọ, Brodin 1989 ni mo rí. Tọkọtaya ni wọ́n, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, ọdún kan náà ni wọ́n kọ̀wé. Láàárín ìwé, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀yìn ìwé nìkan ló yí, àwọn ìwé ibẹ̀ sì pọ̀ bí eéṣú." Ó gbé ojú sókè. "Mo ya àwòrán ìròyìn yẹn pẹ̀lú fóònù mi ní ọ́fíìsì ìlú kí wọ́n tó kó ẹrù. Mo fi gbogbo àwòrán náà sínú àká, mo sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Nísinsìnyí bí mo bá wá Maj-Britt nínú àká, kò sí ohun tó ń jáde. Àfi bí ẹni pé n kò rí i rí. Mo ti ń bi ara mi bóyá mo lálàá rẹ̀ ni."

"Ta ló ń tọ́jú àká náà?"

Tyra yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rasmus. Ẹ má rò pé mo fẹ́ dá a lẹ́bi o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ níbí fún ọdún tó ń bọ̀, èmi àti òun la jọ ń wá a."

*

Inú yàrá tí wọ́n ti ń mu kọfí ni Gunvor ti bá Rasmus Hjelte, níbi kọ̀ǹpútà àjọlò tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Géńdé aláwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò dé ojú.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n na ọwọ́ méjèèjì ni, tàbí ẹ ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mu kọfí mi?"

"Mu ún. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣeré kí a tó bi í ní nǹkan, ó mọ ohun tí a fẹ́ bi."

Rasmus gbé ife sílẹ̀. "Ó dáa. Mo ti wo àká. Ẹ̀rọ máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan padà níbẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ kan ìwé Brodin kẹ́yìn, èmi ni. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo wa jọ ń gbá àká mọ́. Ọdọọdún la máa ń ṣe é, kí òtútù tó dé. Ìwé tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, a ó pa á pọ̀ di ẹyọ kan."

"Ṣé ìwọ lo pa àwọn Brodin pọ̀?"

"N kò rántí pé mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà mí gbọ́? Kọ̀ǹpútà yìí la lò, orúkọ mi ló ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí kọfí tó, gbogbo wa dìde, a lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí èmi ni mo ṣe kéèkì lọ́jọ́ yẹn, inú ọgbà la sì ti jẹ ẹ́."

"O fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbayawu?"

"Ìyá, níbí yìí, bí kọfí bá tó, bí iná bá ń jó ilé, a ó kọ́kọ́ mu kọfí."

"Ta ni kò sí níbẹ̀?"

"Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Ronú dáadáa."

"Mo ti ronú. Kò sí ẹni tó ṣẹ́kù." Ó gbọ́n ọwọ́. "Bóyá ẹ̀rọ ló ṣe é. Orúkọ kan náà, ọdún kan náà. Ẹ̀rọ rí i, ó rò pé ìwé kan ni, ó ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, ẹnì kan sì tẹ̀ ẹ́ láìwò. Kò sí ọ̀daràn. Àṣìṣe ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó dùn jù. Lovisa á gbà á, ìgbìmọ̀ á gbà á, wọ́n á sì ní ṣebí ó yẹ kí Tyra yẹ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ wò. Gunvor fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ṣe àṣìṣe náà lójú mi," ni ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Mú ìròyìn ìjọba kan, mú àpilẹ̀kọ kan, kí o pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá lè ṣèèṣì lọ́jọ́ yẹn, ó lè ṣèèṣì lónìí."

Rasmus mú méjì, ó ní kí ẹ̀rọ pa wọ́n pọ̀. Bọ́tìnnì náà kú, kò ṣeé tẹ̀. Ó mú méjì mìíràn. Ó tún kú. Ó jókòó sẹ́yìn, àwàdà tán lójú rẹ̀.

"Kì í gbà," ni ó wí wẹ́rẹ́. "Mo ti gbàgbé. Kì í pa ẹ̀yà méjì pọ̀. Ìròyìn pẹ̀lú ìròyìn, àpilẹ̀kọ pẹ̀lú àpilẹ̀kọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó sọ ìròyìn di àpilẹ̀kọ, kó tó lè pa wọ́n pọ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe láìwò."

"Rárá o."

"Tí wọ́n bá pa ìwé méjì pọ̀, àwọn ohun tó wà nínú èyí tó ṣègbé ńkọ́? Àwọn àwòrán Tyra?"

Rasmus tẹ àpilẹ̀kọ yìnyín Yngve, ó ṣí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àwòrán náà wà níbẹ̀ gbogbo: ìwé àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú tapùrétà, òǹtẹ̀ ìlú, àti orúkọ Maj-Britt Brodin lójú ewé àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Tyra," ni Rasmus wí. "Wọ́n ń wò ó bí olè."

"Má tíì lọ. Ìròyìn náà wà, a ti rí i. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ á ní òun fúnra rẹ̀ ló da àwọn méjèèjì pọ̀. Ìwọ tí o mọ àká yìí, ká ní o fẹ́ ba Tyra jẹ́, báwo lo ṣe máa ṣe é?"

"Èmi?" Ó ronú. "Mo máa pa ìròyìn yẹn rẹ́ pátápátá, àti àwòrán àti gbogbo rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún?"

"Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ṣe é," ni Gunvor wí.

*

Ó rìn lọ sí ọgbà níbi tí wọ́n ti jẹ kéèkì. Ewé ti bo àwọn àga. Kò sí ẹni tó ṣẹ́kù, ni Rasmus wí. Ọ̀rọ̀ yìí ń yọ Gunvor lẹ́nu. Ẹni tó ń purọ́ á dárúkọ ẹlòmíràn kí ojú lè kúrò lára òun. Rasmus kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì dá a lójú.

Ó ronú kan ẹni tó ṣe é. Ẹni náà rí ìròyìn tó fẹ́ kó pòórá, bọ́tìnnì ìparẹ́ sì wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi sùúrù yí ẹ̀yà rẹ̀ padà, ó sì gbé e sínú ìwé mìíràn, tòun tàwòrán. Ọ̀tá kì í pa nǹkan mọ́ báyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan ló ń fi í pamọ́ sára.

Gbogbo ènìyàn sì ń káàánú Yngve nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló bọ́ sínú ẹ̀sùn. Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ lọ dúró síbi tí òkò ń bọ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ń bo ẹlòmíràn?

Gunvor padà sókè, ó bá Rasmus lẹ́nu ọ̀nà. "Yngve ńkọ́? Ṣé ó jẹ kéèkì rẹ?"

"Bàbá? Rárá o. Bàbá kì í bá wa mu kọfí mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú." Ẹnu Rasmus ṣí sílẹ̀. "A ò kà á mọ́."

*

Yàrá Yngve Brodin mọ́ bí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ọkùnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ ti tínrín nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fún Gunvor ní àga, òun kò jókòó.

"Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀ fún Lovisa, Ìyáàfin Sandell."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ ìròyìn kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Gunvor to àwòrán tí Rasmus tẹ̀ jáde fún un sórí tábìlì. Ọkùnrin náà kò wò wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lọ síbẹ̀, ó tún etí wọn ṣe kí wọ́n lè bá etí tábìlì dọ́gba.

"Orúkọ Rasmus ló wà nínú àká," ni Yngve wí. "Wọ́n sọ fún mi."

"Orúkọ rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ó wà lọ́gbà pẹ̀lú àwọn yòókù."

"Ẹ̀rọ lè ṣèèṣì."

"A bẹ̀ ẹ́ kó ṣèèṣì, ó kọ̀."

Yngve lọ sí fèrèsé. Gunvor dúró dè é. Ọkọ tirẹ̀ náà ti wà nínú ilẹ̀, ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní wá, ó tún sọ̀rọ̀.

"N kò lè lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé mo ń fura. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí n kò bá mú ẹni tó ṣe é wá, ẹ̀bi á dúró sórí ẹni tó ni ìwé."

"Ọmọ yẹn kò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ ṣáájú mi."

Yngve jókòó wàyí.

"Mo rò pé èmi ni wọ́n máa bú," ni ó wí. "Wọ́n á ní Brodin ṣe àṣìṣe, Brodin sì nìyí, ó wà láàyè, ó lè gba èébú. Kò sí ẹni tó ń ka ẹ̀yìn ìwé. Ará Denmark yẹn wá kà á. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá sọ̀rọ̀ lọ́la. Maj-Britt ò lè dìde kó gbèjà ara rẹ̀, Ìyáàfin. Wọ́n á máa kà á títí ayé pé òun ló fún àwọn ọmọdé ní májèlé jẹ."

"Ibo lẹ ti kà á?"

"Àká máa ń fi ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí ìwé kan hàn. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n kàn rí i ni. Ó fi gbólóhùn kan hàn mí."

"Ọ̀kan ṣoṣo?"

"Ọ̀kan tó."

"Kò tó," ni Gunvor wí. Ó yọ ìwé Tyra nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i. "Ṣé ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e?"

"N kò lè kà á."

Gunvor kà á fún un. Kò gbé ohùn sókè. "'Ẹni tó ṣe ìwọ̀n náà fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ìròyìn pé ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fún òun kò mú tó, ó sì bẹ ìlú kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò tún un wọ̀n. Iṣẹ́ yìí ni ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ náà.'"

Yngve fa àwòrán kan sún mọ́ra. Ó rí pẹ́ńsùlù náà ní etí rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń tọ ojú ọgbẹ́ tó ti jinná.

"Báyìí ló ṣe máa ń kọ̀wé," ni ó wí. Ó sì bo ojú rẹ̀.

*

Tyra kò ní kí Yngve wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Yngve fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, Gunvor sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀ ń kí mi káàárọ̀," ni Tyra wí. "Lójoojúmọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ̀ ń kí mi káàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ rí i tí mo ń wá a. Ẹ rí i tí mo fẹ́ ya wèrè."

"Mo rí i. N kò ní àwíjàre."

Ọmọbìnrin náà wo Gunvor. Gunvor sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìbínú náà tọ́ sí i.

"Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀," ni Tyra wí níkẹyìn. "Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí. Ẹ ó fọwọ́ sí i, kó dé ọwọ́ Lovisa kó tó kúrò nílé iṣẹ́ lónìí."

"Wọ́n lè lé mi nítorí rẹ̀. Màá kọ ọ́."

"Lẹ́yìn náà ẹ ó tún ojú ìwé yẹn ṣe. Wọ́n á tẹ ewé àtúnṣe, wọ́n á kì í bọ inú ìwé kọ̀ọ̀kan." Ó yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fa àga tirẹ̀ fún un. "N kò ní ṣe é fún yín. Ẹ jókòó."

Rasmus ti ya àwọn ìwé méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àká, ó sì ti dá ìròyìn padà sí ẹ̀yà rẹ̀. Yngve jókòó. Ó pa ìtọ́kasí àtijọ́ rẹ́, ó tẹ àmì náà, ó tẹ B. Àpótí kékeré já wálẹ̀. Brodin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, tirẹ̀ ló wà lókè.

Ó pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí èkejì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí ẹ̀rọ tẹ ojú ewé náà àti ti ẹ̀yìn ìwé jáde. Nígbà tí àwọn ewé náà gbóná bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn fún Tyra. Tyra yẹ gbólóhùn náà wò, ó ṣí ti ẹ̀yìn ìwé, ó fi ìka wá orúkọ náà títí ó fi rí i.

"Ó ti pé," ni ó wí. Ó sì jókòó sórí tábìlì, níbi tí àyè wà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.